Àkúrẹ́, Oǹdó àti ìyókù àdírẹ́sì

Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Àkúrẹ́ tí ó ń lọ sí ìlú Oǹdó mọ̀ pé awakọ̀ kò ní gbé òun dé ẹnu ọ̀nà. Inú gáréèjì ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí. Orúkọ àdúgbò àti ti agbo ilé tí ó kù lẹ́nu èrò, ọlọ́kadà ni yóò sọ ọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Ní ọdún 1993, ní ibùdó NCSA ti Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Rob McCool kọ sáfà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lò. Níbẹ̀ ni ìlànà CGI ti jáde, èyí tí ó jẹ́ kí sáfà lè pe ètò mìíràn láti dá olùbéèrè lóhùn. Bí àdírẹ́sì bá parí sí /ilu.cgi/Àkúrẹ́/oba, sáfà yóò kà á láti iwájú títí yóò fi bá ètò tí ń jẹ́ ilu.cgi. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ìyókù, ìyẹn /Àkúrẹ́/oba, ni yóò dì sínú àpò tí a ń pè ní PATH_INFO, tí yóò sì gbé lé ètò náà lọ́wọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ kò sí lára àwọn lẹ́tà tí àdírẹ́sì gbà wọlé, nítorí náà Àkúrẹ́ ń rìn lójú ọ̀nà bí %C3%80k%C3%BAr%E1%BA%B9%CC%81, kí sáfà tó tú u padà. Ìyẹn kò burú. Ìjọ̀ngbọ̀n ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ ẹ ju ẹyọ kan lọ: òmíràn kọ ọ́ ní odidi lẹ́tà kan, òmíràn kọ e kí ó tó fi àmì sí i nídìí. Ojú kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá sọ méjèèjì di ọ̀kan yóò rí ìlú méjì. Yóò dá ẹnì kan lóhùn, yóò sì sọ fún ẹnì kejì pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. MediaWiki, ètò tí ó gbé Wikipedia Yorùbá ró, máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan fúnra rẹ̀.

Àbùjá kan wà, èyíinì ni kí a kọ Akure àti Ondo láìlámì. Ìlú méjèèjì lè fara dà á. Ọ̀wọ̀, tí òun náà wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò lè fara dà á: ètò tí ó bá bá Owo nínú PATH_INFO kò ní mọ̀ bóyá ìlú ni, owó ni, tàbí ọwọ́.