Ìṣirò Àgbàrá Òjò ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ìṣirò àgbàrá òjò ni ọ̀nà tí àwọn ẹnjiníà ń gbà mọ bí omi tí òjò ńlá máa dà sínú gọ́tà àti kánáàlì ṣe máa pọ̀ tó. Àkọsílẹ̀ òjò ọ̀pọ̀ ọdún, irú èyí tí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń tọ́jú, ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò òjò tí wọ́n ń pè ní òjò “50 ọdún”, ìyẹn òjò ńlá tí ìṣeéṣe rẹ̀ láti rọ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 2 nínú 100. Ó lè rọ̀ lọ́dún méjì tó tẹ̀léra.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ ní 100 mìlímítà ní wákàtí kan, hẹ́kítà ilẹ̀ eléwéko tí ìdá 30 nínú 100 omi rẹ̀ ń ṣàn á tú nǹkan bíi lítà 83 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí páànù àti kọnkéré bá bò ó, tí ìdá 90 nínú 100 wá ń ṣàn, ó di lítà 250.

Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó tẹ́jú, irà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí omi ọ̀sà bá ga, àgbàrá kì í tètè ríbi gbà. Gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí ńkọ́? Ìṣirò kì í sábà kà á kún, bẹ́ẹ̀ òun náà wà lára ohun tó ń da omi sí pálọ̀ àwọn èèyàn.