Àdéhùn Ìṣòwò àti Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Bìrìtéènì

Àdéhùn Ìṣòwò àti Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ́ ìwé àdéhùn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Bìrìtéènì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2020, lẹ́yìn tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan náà. Michel Barnier ni olórí aṣojú Yúróòpù nínú ìdúnàádúrà náà. David Frost ni ti Bìrìtéènì. Ìdá kékeré ni ẹja pípa kó nínú ọrọ̀ ajé ìhà méjèèjì, síbẹ̀ ó wà lára ohun tí wọ́n yanjú kẹ́yìn. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021. Láìsí i, owó ibodè ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọjà lọ́jọ́ náà. Àwọn oníṣòwò ṣì gbọ́dọ̀ fi ìwé ọjà hàn ní ibodè, pẹ̀lú ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é.