Àwọn Tó Jókòó Ti Owó: Bí Ilé Ìwádìí IITA Ṣe Dé Ìbàdàn

Ẹni tó bá wà ní ìpàdé tí a ṣe ní Ṣàngótẹ̀dó lọ́dún tó kọjá á rántí pé ọ̀rọ̀ oko ilé ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Owó ti ń wọlé sínú àpò tí a fẹ́ fi dá oko ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wa, kò sì sẹ́ni tó bínú sí ìyẹn. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bèèrè pé àwọn wo ni yóò jẹ́ alágbàtọ́ owó náà. Àwọn kan ní ẹni tó bá mú owó tó pọ̀ jù wá ni kó jókòó sórí àga. Àwọn mìíràn ní rárá o, ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ìrẹsì tutù, ẹran tán, a ò rí ojútùú.

Iṣẹ́ ìròyìn ni èmi kọ́ ní poli, mi ò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣàngótẹ̀dó ni mo ń gbé, àwọn àgbà àdúgbò sì máa ń sọ fún mi pé oko ẹ̀gẹ́ àti igi àgbọn ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tó dé láyé ìjọba Jakande. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀sítéètì ló kún ibẹ̀, gàárì tí à ń jẹ sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí mo wá ìtàn ẹ̀gẹ́ yẹn lọ, àríyànjiyàn wa gan-an ni mo bá pàdé níbẹ̀, àwọn kan ti jà á kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa.

Ọkùnrin méjì ará Amẹ́ríkà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ George Harrar, onímọ̀ nípa àrùn irúgbìn. Àjọ Rockefeller rán an lọ sí Mẹ́síkò ní 1943 kó lọ wo ọ̀rọ̀ àgbàdo àti àlìkámà wọn, ó sì ṣe iṣẹ́ náà débi pé ní 1961 òun ló di ààrẹ àjọ ọ̀hún. Ìkejì ni Forrest Hill, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Frosty, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, tó wá di igbákejì ààrẹ àjọ Ford. Àjọ ìtọrẹ àánú ni àjọ méjèèjì. Owó epo rọ̀bì ló bí Rockefeller ní 1913, owó mọ́tò ló bí Ford ní 1936. Ọlọ́rọ̀ ya owó sọ́tọ̀, ó fi lé àwọn alágbàtọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n máa ná an fún ire ará ayé.

Nígbà tí Hill àti Harrar jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé ohun tí ẹnì kìíní ní ni ẹnì kejì ń wá. Owó pọ̀ lọ́wọ́ Ford, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ìwádìí irúgbìn. Rockefeller ti lo ọdún gbọọrọ nínú oko Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n àpò wọn ò tó ti Ford. Wọ́n bá para pọ̀. Èso àkọ́kọ́ ni ilé ìwádìí ìrẹsì IRRI tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Philippines ní 1960. Ìyẹn ṣe dáadáa, ni wọ́n bá ní ó kan Áfíríkà. Ṣé ẹ rí i? Olówó ò ní kí onímọ̀ dìde lórí àga, onímọ̀ náà ò sì fi olówó ṣẹ̀sín.

Ìjọba Nàìjíríà náà kò kàn káwọ́ gbera. Ó yọ̀ǹda ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà ní Ìbàdàn, lọ́nà Mọ́níyà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé igbó lásán ni o. Abúlé wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ló kó ẹrù wọn kúrò kí ilé ìwádìí tó ráyè. Òfin tó dá IITA sílẹ̀ jáde lábẹ́ ìjọba Gowon ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1967. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa! Ọjọ́ 6 oṣù kan náà ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè ń jó lọ́wọ́, wọ́n ṣì ń fọwọ́ sí ìwé ilé ìwádìí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ alágbàtọ́ tí àwọn àjọ méjèèjì àti ìjọba Nàìjíríà ní àga nínú rẹ̀, wọ́n sì mú Herbert Albrecht, tó ti ṣe ààrẹ yunifásítì ìpínlẹ̀ North Dakota, láti jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

Ní 1971, ọmọ Kòríà kan tó ń jẹ́ Sang Ki Hahn dé sí IITA. Ohun tó bá lórí ẹ̀gẹ́ kò dùn-ún wò. Àrùn kan wà tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí á sọ ọ́ di aláwọ̀ títọ́, tí iṣu abẹ́ rẹ̀ á sì kéré bí ìka ọmọdé. Eṣinṣin funfun ló ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ gé láti gbìn sì tún ń gbé e láti oko dé oko. Bí èyí ṣe ń yọni lẹ́nu, àrùn mìíràn tó ń mú kí ewé rọ, kí igi sì gbẹ láti orí wá, tún yọjú ní Nàìjíríà ní 1972.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé Hahn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní 58308, láti Moor Plantation, oko ìwádìí ìjọba tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1899. Àwọn onímọ̀ ní Amani, ní Tanzania òde òní, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀gẹ́ gun ìbátan rẹ̀ kan tó ń hù nínú igbó, wọ́n sì fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Inú ìyẹn ni agbára láti kojú àrùn ti wá. Hahn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbìn, wọ́n yan, wọ́n dànù, wọ́n tún gbìn. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, TMS 30572 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ oko àwọn àgbẹ̀. Ní 1983, wọ́n fi Hahn jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè. Ọmọ Kòríà, Séríkí Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá!

Kí wá ni iṣẹ́ àwọn tó jókòó sórí àga? Wọ́n dúró ni. Ẹ̀gẹ́ tuntun kì í jáde láàárín oṣù mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó lọ ká Hahn mọ́ oko pé fọ́tò dà. Ní 1971 yẹn náà ni àwọn onítọrẹ káàkiri ayé kó ara wọn jọ sábẹ́ CGIAR, tí ẹrù owó náà kò fi wà lọ́rùn ẹni méjì mọ́. Àǹfààní rẹ̀ hàn láìpẹ́. Kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun ti wọ ilẹ̀ Kóńgò láti nǹkan bí 1973, ó ń jẹ oko ẹ̀gẹ́ run bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Hans Herren, ọmọ Switzerland, dé IITA ní 1979. Wọ́n wá ọ̀tá kòkòrò náà dé Paraguay, ní 1981 wọ́n sì rí agbọ́n tíntín kan tó máa ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà, lẹ́yìn náà káàkiri Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò sanwó oògùn kankan. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Mi ò ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kún irú àwọn àga bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó bá ẹni tí ọkọ́ ti ba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2011 ni ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà IITA, Nteranya Sanginga láti Kóńgò, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀ àti 1967.

Oko tiwa ò ní tó IITA, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí àjọ Leventis ní sí Iléṣà ló sún mọ́ ohun tí a ń wá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé fún ọdún kan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ro oko, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń bá àjọ náà fọwọ́sowọ́pọ̀. Owó oníṣòwò ni tibẹ̀ náà. A. G. Leventis, ọmọ Cyprus, bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1937, ó kú ní 1978, àwọn tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ló sọ owó rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́.

Ṣé ẹ rántí adìyẹ tí a rà fún ilé ìwé lọ́jọ́sí? A gé rìbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, gbogbo wa wọ ankara. Kò sẹ́ni tí a fi lé lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó ra oúnjẹ adìyẹ mọ́. Ilé adìyẹ náà ṣì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà ìdìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó mówó wá jókòó, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jókòó tì í, kí ọdún tí wọn yóò lò níbẹ̀ sì ní iye. Mo sì fẹ́ àga kẹta. Ìyá àgbẹ̀ kan wà tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá ọgbà ilé ìwé wa pààlà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fo ọgbà lọ jí ìrèké mọ̀ wọ́n dáadáa. Mo ti lọ kí wọn, mo sì ti bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àwọn náà á máa jẹ ìrẹsì ìpàdé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ wọn ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé.