Fíìmù Ọdún Kérésì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Ta Ni Ó Tọ́jú Ẹ̀dà Rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, fíìmù Kérésì ni fíìmù tí ìtàn rẹ̀ dá lé Kérésì: yìnyín ń bọ́, bàbá onírùngbọ̀n funfun ń pín ẹ̀bùn, ìdílé tí ó ti tú ká sì tún péjọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ọdún ni fíìmù yòówù tí a bá wò lásìkò ọdún, ìbáà jẹ́ ti àjẹ́, ti ogun, ti aláwàdà tàbí ti ọba tí ó ta ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá Kérésì nínú Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, yóò wá a tì. Síbẹ̀, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gan-an ni èrò máa ń wọ́ lọ wò lọ́jọ́ ọdún.

Kí fíìmù tó dé ni àṣà yìí ti wà. Àwọn òṣèré alárìnjó ìgbà Ògúndé, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí mọ̀ pé ìparí ọdún ni owó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Àsìkò náà ni wọ́n ń ká kòkó ní ìhà gúúsù. Àsìkò náà sì ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣòwò káàkiri Òkè Ọya máa ń padà wálé. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú oníṣòwò tí ọmọ rẹ̀ kún ìdálẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìlú ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn wọn ti wà níbẹ̀ láti 1898. Ibi tí ẹ̀sìn àti ìpadàbọ̀ bá ti pàdé báyìí, ọdún kì í kéré níbẹ̀.

Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan, ìyẹn Adé Love, kópa nínú rẹ̀, àwọn alárìnjó rí i pé a lè ká eré mọ́ inú róòlù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń tà á kò yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá ìgbà náà kò sí lọ́wọ́ Yorùbá, fíìmù Íńdíà, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ni ó sì kún ibẹ̀. Nítorí náà, oní-fíìmù fúnra rẹ̀ ni yóò gbé róòlù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, tí yóò wọ ìlú, tí yóò fi gbohùngbohùn polongo kiri àdúgbò, tí yóò ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn tàbí ilé ẹ̀kọ́, tí yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwọlé. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ fíìmù náà parí, owó gọbọi sì ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀dà kì í pọ̀. Ìlú tí kò bá rí i lọ́dún yìí yóò dúró de ọdún mìíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀mejì fi máa ń fọ́nnu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ni ó pa Mósè Ọláìyá, Baba Sàlá, lẹ́kún. Ó ná owó tabua lé Ọ̀run Móoru, tí ó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn olè jí iṣẹ́ náà dà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò nílé láì san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Gbèsè wọ aláwàdà náà lọ́rùn. Títí tí ó fi kú ní oṣù kẹwàá 2018 ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí It's a Wonderful Life ti Frank Capra. Fíìmù náà jáde ní 1946, kò sì pa owó tí wọ́n ná lé e. Ní 1974, àwọn tí wọ́n ni ín gbàgbé láti tún ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Kérésì, títí tí ó fi di ààyò ìdílé. Níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sọ òkú fíìmù di alààyè. Níhìn-ín, ọ̀fẹ́ sọ ẹni tí ó ṣe fíìmù di akúùṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Amẹ́ríkà ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lábẹ́ òfin kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé. Ti Baba Sàlá kò tíì pa owó rẹ̀ tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, fíìmù kan wà tí kò ṣe é fi wé òmíràn: Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, nínú èyí tí Léré Páímọ́, Ẹ̀dá Onílé Ọlá, ọmọ ìlú náà, ti ṣe Ṣọ̀ún Ògúnlọlá. Ọdẹ ni Ògúnlọlá. Ìtàn sọ pé ẹ̀sùn ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Aláàfin, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ nípa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń da àwọn ará Ọ̀yọ́ láàmú. Ó gba ààyè láti lọ kojú rẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ wá sí ààfin. Láti ara ìṣẹ́gun yẹn ni orúkọ ìlú ti jáde. (Ọ̀yọ́-Ilé ni ààfin yẹn wà, kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí Àtìbà tẹ̀ dó lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kì í tán.) Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, tí ó wálé Kérésì, tí kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu bàbá àgbà rẹ̀, lè rí i nínú fíìmù náà.

Ní 1986, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ mú kí náírà já wálẹ̀, iṣẹ́ róòlù sì kọjá agbára àwọn alárìnjó. Fídíò gba ipò rẹ̀. Ìgbà náà ni Agbára Ńlá ti ẹgbẹ́ Mount Zion jáde, tí àwọn ìjọ sì ń fi í hàn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgbà náà kò lè dá lọ tọ̀ lóru nítorí Ìṣáwúrú. Túndé Kèlání gbé Ó Le Kú jáde ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì Kérésì, ni ó ṣe Ọ̀pálábà nínú Ṣaworoidẹ. Fálétí yìí kan náà ti ṣe olùtọ́jú fíìmù rí ní WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1959.

Lónìí, ní Under G lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH, orí fóònù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo tiwọn. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé A Naija Christmas sórí Netflix ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, Kérésì gan-an ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Fúnkẹ́ Akíndélé náà kì í fi oṣù Kejìlá ṣeré: A Tribe Called Judah, tí ó gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilé. Bí a bá yọ ti ẹ̀rọ ìgbàlódé kúrò, ìṣirò Ògúndé ni: lọ bá èrò nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn, tí gbogbo ilé sì pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tún wo Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ní Kérésì yìí, tí kò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀dà jíjí tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú, yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò bóyá ẹnìkan ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.