Lílo Àkójọ Kóòdù láti Òde nínú Macro QGIS: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ya Máàpù Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà láàárín wa. Mítà díẹ̀ péré lè da àárín ọmọ ìyá rú, ó sì lè sọ ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ di èrò ilé ẹjọ́. Ní báyìí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ya máàpù, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un kí iṣẹ́ náà má baà já sí àṣìṣe. Àlàyé yìí dá lórí QGIS, ètò ìyàwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Macro ni àwọn àṣẹ tí a kọ pamọ́ sínú iṣẹ́ kan, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣe wọ́n fúnra rẹ̀. Èdè Python ni a fi ń kọ ọ́ nínú QGIS. Ìgbà mẹ́ta ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́: nígbà tí a bá ṣí iṣẹ́ náà (openProject), nígbà tí a bá fi í pamọ́ (saveProject), àti nígbà tí a bá pa á dé (closeProject).

Àkójọ kóòdù láti òde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní library, ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ tí a lè yá lò. Kò sí ìdí tí a ó fi máa ṣe ìṣirò tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe tán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè àtijọ́ ní Nàìjíríà ni a gbé ka ìlànà ìwọ̀n tí à ń pè ní Minna, èyí tí ó lo ìrísí ayé ti Clarke 1880. Ṣùgbọ́n ìlànà WGS 84 ni ẹ̀rọ GPS ń lò. Ìlànà méjèèjì kò bára mu. Bí a bá mú nọ́ńbà òkúta ààlà láti inú ìwé sọ́fè àtijọ́, tí a sì gbé e sórí máàpù bí ẹni pé ti GPS ni, ó lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ní ohun tó ju 100 mítà lọ ní agbègbè wa. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gùn ju mítà 37 lọ. Ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé ilẹ̀ ẹnìkan fo orí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ pyproj wúlò fún yíyí nọ́ńbà ìlànà kan padà sí òmíràn.

Bí a ṣe ń fi í síbẹ̀

1. Ẹ wò ó bóyá ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí Python Console nínú QGIS, kí ẹ sì kọ import pyproj. Bí kò bá sọ ohunkóhun, ó ti wà níbẹ̀. Bí ó bá fèsì pé ModuleNotFoundError, kò rí i nìyẹn.

2. Lórí Windows, ẹ ṣí OSGeo4W Shell tó bá QGIS wá, kí ẹ kọ python -m pip install pyproj. Ẹ má ṣe lo fèrèsé àṣẹ mìíràn, nítorí QGIS ní Python tirẹ̀. Ohun tí a bá fi sínú Python mìíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà, QGIS kò ní rí i.

3. Bí ó bá jẹ́ kóòdù tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni, ẹ fi í sínú fódà kan, kí ẹ sì fi ọ̀nà fódà náà han macro:

import sys
sys.path.append("D:/kodu_wa")

4. Ẹ lọ sí Project, Properties, lẹ́yìn náà Macros, kí ẹ kọ àṣẹ yín síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ

Àwọn ìlà wọ̀nyí ń yí nọ́ńbà Minna ti ìpín UTM 31 padà sí ti GPS. Ìpín 31 bẹ̀rẹ̀ láti ìlà òòró 0 títí dé 6 ní ìlà-oòrùn, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá mọ́ra.

from pyproj import Transformer
t = Transformer.from_crs("EPSG:26331", "EPSG:4326", always_xy=True)
ooro, ibu = t.transform(x, y)

Ẹ má ṣe yọ always_xy sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìlà ìbú ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí kò bá fura yóò gbé èkínní sí ipò èkejì, ilẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn yóò sì bá ara rẹ̀ nínú òkun ní gúúsù Bonny.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀nà láti Minna sí WGS 84 ju ẹyọ kan lọ, èsì wọn sì lè fi mítà mélòó kan yàtọ̀ síra. TransformerGroup inú pyproj yóò to gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ yan èyí tó bá agbègbè yín mu, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìjábọ̀ yín.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

• Sísọ fáìlì ẹni ní orúkọ àkójọ kóòdù. Bí ẹ bá pe fáìlì yín ní pyproj.py, òun ni Python lè mú dípò ojúlówó.

• Ríronú pé àkójọ kóòdù ń bá iṣẹ́ rìn. Macro wà nínú fáìlì iṣẹ́, ṣùgbọ́n àkójọ kóòdù kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mìíràn, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà gbogbo ohun tí ẹ lò mọ́ ọn.

• Àìdán an wò. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìlànà méjèèjì dán macro náà wò, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gidi lé e.

Ọ̀rọ̀ ààbò

Macro lè ṣe ohunkóhun tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè ṣe, títí kan pípa fáìlì rẹ́. Nítorí náà, nínú ètò QGIS tó wà fún gbígba macro láyè, ẹ fi í sí Ask, kí ó máa béèrè kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe gba macro láyè nínú iṣẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ tún yẹ lẹ́tà orúkọ àkójọ kóòdù wò dáadáa kí ẹ tó fi í síbẹ̀: àwọn oníjìbìtì a máa gbé ayédèrú kalẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀.

Ìparí

Macro ń dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Máàpù tí a fi kọ̀ǹpútà yà kì í di ìwé sọ́fè tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin, àfi bí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ tàbí fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ẹ mú ìwé sọ́fè yín lọ fún àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìpínlẹ̀.