Ọmọlangidi nínú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ère àti ohùn rẹ̀

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni eré tí àwọn Yorùbá-Nàgó ní orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò fi ń bu ọlá fún Ìyá Ńlá àti fún àwọn obìnrin. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008.

Ère àti okùn

Ojú ènìyàn ló máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òkè orí rẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń dá àrà: ejò àti ẹyẹ tó ń jà, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní àwọn ìlú kan ní Benin, àwọn ère kéékèèké òkè yìí máa ń mira bí ohun ẹlẹ́mìí. Okùn tó gba abẹ́ aṣọ ni oníjó ń fà bó ṣe ń jó. Ọmọlangidi tiwa nìyẹn: orí ni a fi ń gbé e.

Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ère?

Ère kì í dá sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, orin ló ń yin ẹni tó ṣe dáadáa, òun náà ló ń bá oníwà burúkú wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Éṣíà. Ní Java, nínú eré wayang kulit, dalang kan ṣoṣo ló ń darí àwọn ère awọ lẹ́yìn aṣọ funfun, òun ló sì ń fọ ohùn gbogbo wọn. Ìtàn Ramayana àti Mahabharata, tó ti Íńdíà wá, ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Nínú bunraku ti Japan, ẹni mẹ́ta ló ń darí ọmọlangidi pàtàkì kan, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ló ń sọ ìtàn.

Ohun tó yẹ kí a kọ sílẹ̀

Bí ère bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láìsí orin rẹ̀, igi lásán ló dé ibẹ̀. Orin lè bá olórin wọ sàréè. Kí olùwádìí béèrè nǹkan mẹ́rin: ta ló gbẹ́ ère? Ibo ni okùn ń gbà? Orin wo ló ń bá a jáde? Èdè ìlú wo ni wọ́n fi kọ ọ́?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kan Pira, ní kọ́múùnù Bantè. Èdè Ìṣà, tí ìwé Faransé ń pè ní Itcha, jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọlangidi pa àlọ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti ìjàpá tàbí ti Íńdíà, Ìṣà ni kó fi kọrin rẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè gberin.