Owó Ẹnu Ọ̀nà Ààfin ní Ìlú Ọba: Bí Tíkẹ́ẹ̀tì Àpapọ̀ Ṣe Dáyé

Ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, òpópónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Royal Mile. Orí òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ilé olódi Edinburgh dúró sí lórí àpáta. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó parí sí, níwájú ààfin Holyroodhouse. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sanwó ní òkè kò lè fi ìwé ìwọlé rẹ̀ wọ ààfin ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó sanwó ní ìsàlẹ̀ kò lè fi tirẹ̀ wọ ilé olódi. Ẹnu á ya àlejò tí ó rò pé ọba kan náà ni ó ni méjèèjì. Kí ló dé tí owó fi di ọ̀nà méjì? Inú ìtàn ni ìdáhùn wà, ìtàn náà ni ó sì lè fi han ẹni tí ó fẹ́ ṣọ́ owó ná irú tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ tí yóò ṣe é láǹfààní.

Ohun tí à ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ níhìn-ín ni ìwé ìwọlé kan ṣoṣo tí ènìyàn sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń fi wọ ibi púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọdún kan. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún mọ ìyàtọ̀ láàárín ààfin àti ilé olódi. Ààfin ni ibùgbé ọba. Ilé olódi ni èyí tí wọ́n mọ odi gíga yí ká, tí wọ́n gbẹ́ yàrà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ méjèèjì pọ̀, Windsor sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Gbígba owó ní ẹnu ọ̀nà ọba kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ wo Tower of London, tí William Aṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní àwọn ọdún 1070. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọba a máa sin kìnnìún àti àwọn ẹranko mìíràn síbẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa sanwó láti wò wọ́n. Ìtàn sọ pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kọ́bọ̀ kan àbọ̀ ni owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní in lè mú ajá tàbí ológbò wá kí wọ́n fi bọ́ kìnnìún. Ajá tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé kò tún gbọ́ fèrè ọdẹ mọ́. Ní ọdún 1835 ni wọ́n kó èyí tí ó kù nínú àwọn ẹranko náà kúrò. Nígbà tí ó di 1838, mẹ́ta nínú àgò wọn àtijọ́ ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sísì kan ni wọ́n ń san níbẹ̀ láti wo ohun ìjà, sísì mìíràn láti wo adé àti ọ̀pá àṣẹ. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ná sísì nígbà ìjọba amúnisìn mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré lápò tálákà. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wíwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́. Akọ̀wé tàbí alágbàṣe tí ó gbọ́n yóò dúró de ọjọ́ náà. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wàjà ní 1901, bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń wọ Tower lọ́dọọdún.

Victoria yìí kan náà ni ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ní Hampton Court. Wolsey, àlùfáà àgbà tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọba, ni ó gba ilẹ̀ náà ní 1514 tí ó sì kọ́ ilé ńlá sí i. Ilé náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ti Ọba Henry Kẹjọ. Lẹ́yìn Ọba George Kejì, kò sí ọba tí ó tún gbé ibẹ̀. Olùtọ́jú ilé ni ó kù tí ń mú àwọn ọlọ́lá kiri inú yàrá, tí wọ́n sì ń fún un ní owó. Ẹni tí kò ní owó ọwọ́ olùtọ́jú kò ní ọ̀nà. Ní 1838, Victoria pàṣẹ kí wọ́n ṣí ààfin náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn mẹ̀kúnnù yóò ba àwòrán jẹ́, pé wọn yóò ya aṣọ ara ògiri. Ìbẹ̀rù náà kò ṣẹ. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n wò, wọ́n sì padà sílé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1849, èrò tún pọ̀ sí i.

Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ títí ni, kì bá tí sí ìdí láti máa ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n owó àtúnṣe ń pọ̀. Ní 1894, ìjọba gbé owó-orí ogún tuntun dìde, bí ó sì ti ń ga sí i, ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́lá kò lè dá ilé bàbá wọn tọ́jú mọ́. Àwọn kan wó tiwọn. Àwọn mìíràn ṣílẹ̀kùn wọn, wọ́n sì ń gba owó, gẹ́gẹ́ bí onílé Longleat ti ṣe ní 1949. Àwọn mìíràn fi tiwọn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ National Trust, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895. Báyìí ni ilé olódi Bodiam ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ikú Lord Curzon ní 1925. Àwọn tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba pẹ̀lú pínyà. Òfin 1983 ni ó bí English Heritage. Cadw gba ti Wéèsì ní 1984, àjọ Historic Royal Palaces sì gba Tower àti Hampton Court láti 1989. Ti Skọ́tílándì, títí kan ilé olódi Edinburgh, wà lábẹ́ Historic Environment Scotland lónìí. Ìdáhùn sí àdììtú Royal Mile nìyẹn: àjọ tí ń gba owó ìwọlé ilé olódi ní òkè kọ́ ni ó ń gba ti ààfin ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó yìí wá gbóná gan-an ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1992, nígbà tí iná jó Windsor. Nínú ilé àdúrà kékeré ọbabìnrin ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná mànàmáná kan mú aṣọ ìkélé. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi jó, ó sì ba yàrá tí ó lé ní 100 jẹ́. Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí ó bá yẹ òwe yìí wò dáadáa yóò rí i pé ó gbà láìjiyàn pé ará ìlú ni yóò tún ilé náà kọ́. Ní 1992, àwọn ará Ìlú Ọba kò gbà bẹ́ẹ̀. Mínísítà kan kéde pé ìjọba ni yóò sanwó àtúnṣe, nítorí kò sí ìdójútòfò lórí ilé náà. Ariwo ta. Àwọn ènìyàn ní ọrọ̀ ajé kò dára, àwọn ń san owó-orí, ọbabìnrin kò san. Kí ló dé tí owó àwọn yóò fi kọ́ ilé rẹ̀?

Elizabeth Kejì gbọ́ ariwo náà. Ó gbà láti máa san owó-orí láti 1993. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó ṣí yàrá àlejò Buckingham sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá sanwó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní àgbàlá Windsor tí ènìyàn ti ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí £37 mílíọ̀nù ni àtúnṣe náà ná wọn, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti inú owó ẹnu ọ̀nà yìí jáde. Iṣẹ́ parí ní 1997. Gbèsè tán, ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà kò tán. Àjọ Royal Collection Trust ni ó ń gbà á títí di òní.

Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà? Tí ó bá jẹ́ àjọ tí ó ń bójú tó ilé, ibi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń ṣí. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ ní Historic Royal Palaces yóò wọ Tower, Hampton Court, Kensington àti Kew láàárín ọdún kan, yóò sì wọ Hillsborough ní Àríwá Ireland pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ní fi wọ Windsor. English Heritage ní ibi tí ó lé ní 400, ó sì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ 9 àti ọlọ́jọ́ 16 fún àlejò láti òkèèrè. Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yẹ ẹni tí ó ní mọ́tò tí ó fẹ́ gba Dover kọjá sí ìgbèríko. Kò yẹ ẹni tí kò ní kúrò ní London, nítorí ààfin ńlá London kò sí nínú rẹ̀.

Tí ó bá sì jẹ́ oníṣòwò ni ó kó ẹnu ọ̀nà oríṣiríṣi pọ̀ sójú kan, ẹsẹ̀ ni kí ènìyàn fi ṣírò, kì í ṣe ojú. Ká ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ £30, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan jẹ́ £90. Ibi mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀ kí owó rẹ̀ tó pé, ìkẹrin ni èrè. Ta ni ó lè wọ ààfin mẹ́rin lójúmọ́ kan? Tower nìkan gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé e dé Hampton Court. Windsor jìnnà ju ìyẹn lọ, kì í sì í gba àlejò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ra ìwé olówó ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré kiri, wọn kò rí nǹkan kan wò délẹ̀délẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Windsor tàbí Buckingham lọ́wọ́ Royal Collection Trust fúnra rẹ̀ lè ní kí wọ́n sọ ọ́ di ti ọdún kan, kí ó sì máa padà wá sí ibẹ̀ láìsanwó mọ́. Ẹni tí ó gba ọwọ́ oníṣòwò kò ní àǹfààní yìí. Fún òbí tí ó ń gbé London, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìtàn Henry Kẹjọ tàbí Victoria ní ilé ẹ̀kọ́, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Ọ̀nà ọ̀fẹ́ pàápàá kò tíì dí tán. Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe Heritage Open Days ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ máa ń ṣílẹ̀kùn láìgba kọ́bọ̀. Ní 2022, Historic Royal Palaces tún bẹ̀rẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì £1 fún àwọn tí wọ́n ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Hampton Court wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí ìrànwọ́ náà ni ènìyàn yóò mú dání dé ẹnu ọ̀nà.